Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Mìíràn Mì, Ẹ Wá Ike Tí Ẹ Ó Fi Wọn Ìtọ̀ Yín

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 49 ni mí, aṣọ ni mò ń tà nínú ọjà n'Ìbàdàn. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ìtọ̀ ti ń dà mí láàmú. Láti ìdájí títí dìgbà tí mo bá sùn, mo lè lọ tó ìgbà 13. Bí mo bá sùn tán, màá tún dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ará ìsọ̀ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti ti ìwé pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò bọ inú ìtọ̀ mi, wọ́n ní kò sí ṣúgà níbẹ̀. Oníkẹ́míìsì ní kòkòrò ni, mo ti lo apakòkòrò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń dín kù fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà. Mo ti dín omi kù, ife méjì ni mò ń mu lójúmọ́, síbẹ̀ pàbó ló ń já sí. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó l'Ékòó ní oṣù méjì sí i, ẹ̀rù ọ̀nà Èkó ló sì ń bà mí ju ti ìnáwó lọ. Kí ni kí n ṣe? Èmi, Ìyá Ìyàwó."

Ìdáhùn

Ìyá Ìyàwó, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó o. Olúwa á jẹ́ ká ṣe é láyọ̀. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun létí mi rárá. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní kíliníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ní rí obìnrin bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣe irú rẹ̀. Ojú máa ń tì wọ́n débi pé wọ́n á kọ́kọ́ ní ẹ̀yìn ló ń dun àwọn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá dìde tí wọ́n fẹ́ máa lọ, tí wọ́n bá ti mú ilẹ̀kùn dání, kí wọ́n tó wá sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan tún kù."

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan mẹ́rin ni mo fa ìlà sí nídìí: ìwé tí wọ́n fi wo ìtọ̀, apakòkòrò ẹ̀ẹ̀mẹta, ife omi méjì, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ò sọ aago tí ẹ ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni èyí tí kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń tọ̀, ẹ ò sọ bó ṣe ń pọ̀ tó nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi yín. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí oògùn ìtọ̀ tó wúlò tó ike ìwọn.

Ẹ wá ike omi 75cl tó ti ṣófo, kí ẹ gé ọrùn rẹ̀ kúrò kí ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀. Bí fídà ọmọdé bá wà nílé, nọ́ńbà wà lára rẹ̀: ẹ fi wọn omi 50ml sínú ike náà, ẹ fi máákà fa ìlà, ẹ tún wọn 50ml mìíràn sí i, ẹ tún fa ìlà, títí tí yóò fi dé òkè. Ike yẹn ti di tìtọ̀ nìyẹn, ẹ fi í pamọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ fi bu omi mu. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: aago, ohun tí mo mu, ohun tí mo tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Kò pọn dandan kí ó tẹ̀ léra, kí ọjọ́ ọjà ṣáà wà níbẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ gbọ̀n yín gan-an lẹ ṣe lọ, ẹ sàmì sí i. Bó bá jẹ́ "jẹ́ kí n yáa tọ̀ kí n tó jáde" ni, ẹ fi àmì mìíràn sí i.

Àmì kejì yìí gan-an ni mo ń wá.

Obìnrin kan tó ń ta ata mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló kọ ọ́ sí. Aago 5:30 ìdájí, 420. Aago 6:10, 90. Aago 6:45, 60. Aago 7:30, ó ti dé ọjà, 80. Aago 8:15, 50. Mo fi ìka lé 6:45 yẹn, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ìtọ̀ ń gbọ̀n yín nígbà yẹn ni?" Ó ní, "Rárá o, mo fẹ́ wọ mọ́tò ni, kó má baà gbọ̀n mí lọ́nà." Ti 7:30 ńkọ́? "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, mo ní kí n tọ̀ kí n tó pàtẹ." Ti 8:15? Ẹ̀rín pa á. Ẹnìkejì rẹ̀ ló ń lọ sílé ìtọ̀, òun náà bá a lọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Àpò ìtọ̀ tó gba 420 lóru mọ́jú kò kéré. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gbà tó 300 sí 500ml, kì í sì í sábà ta onílé lólobó títí tí yóò fi gbà tó 150 tàbí 200. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tú u dà ní 60, ní 50, lójoojúmọ́, fún odidi ọdún, òun náà á kọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti rí 60 báyìí, ariwo! Àkẹ́bàjẹ́ ni àpò ìtọ̀ ọ̀hún. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ń sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan lò, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe bá a lò. Màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, ẹ ṣe àròpọ̀ ohun tí ẹ tọ̀ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ń mu omi bó ṣe yẹ máa ń tọ̀ bíi lítà kan àtààbọ̀ sí lítà méjì. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ ń tọ̀ ọ́, àpò ìtọ̀ ló ń yára pariwo, kíndìnrín yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá ju lítà mẹ́ta lọ, tó sì ń pọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ àpò: bóyá omi ló ń wọlé jù, bóyá ṣúgà ló ń fa omi jáde, bóyá oògùn. Ẹ tún wá ya ti òru sọ́tọ̀: gbogbo ohun tí ẹ dìde tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sùn, pẹ̀lú àkọ́kọ́ tí ẹ tọ̀ nígbà tí ẹ jí. Bí ìyẹn nìkan bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti gbogbo ọjọ́ lọ, a jẹ́ pé òru ni kíndìnrín yín ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ti ṣe lọ́sàn-án. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, "mò ń tọ̀ jù" sì ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe. Abájọ tí oògùn tó bá ará ìsọ̀ yín mu kò fi bá yín mu.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ kì í rí ṣúgà àfi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tó bíi 180 mg/dL. Kí ó tó dé ibẹ̀, ńṣe ni kíndìnrín ń gbà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí a bá gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn láàárọ̀ kó tó jẹun, 126 la ti ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 126 àti 180. Ẹlòmíì á ti ní àtọ̀gbẹ, ìwé á ní kò sí nǹkan kan, pàápàá tó bá jẹ́ àárọ̀ kó tó jẹun ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá wá di ọ̀sán lẹ́yìn àmàlà, ṣúgà á gòkè, á sì máa fa omi jáde. Àwọn àgbà tó máa ń wò ó bóyá èèrà bo ojú ibi tí wọ́n tọ̀ sí kò purọ́, ṣùgbọ́n kí èèrà tó dé, àìsàn ti tẹ́ ẹní jókòó. Ẹ lọ yẹ ti ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ má jẹun kí ẹ tó lọ.

Ti apakòkòrò ló bí mi nínú jù, kì í ṣe sí yín. Kòkòrò ojú ọ̀nà ìtọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ wìrì ni. Ìtọ̀ á máa ta èèyàn bí ata, ìsàlẹ̀ ikùn á máa dùn, ìtọ̀ á máa rùn tàbí kó dúdú bí omi ẹrọ̀fọ̀. Kì í fi odidi ọdún rìn gbẹ̀rẹ́ bí èyí tí ẹ ń sọ. Àwọn kan sì ti sọ "sítáfù" di iwin nílùú yìí: wọ́n á ní èèyàn ní in, wọ́n á tà á ní oògùn, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní ó ṣì wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé lára awọ ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ìtọ̀ tí ẹ gbà sínú ike bá kan ara, á bá a wọ inú ike. Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sọ fún láàbù pé kí wọ́n gbin ìtọ̀ náà, kí wọ́n wo ohun tó máa hù àti oògùn tó lè pa á. Ẹ fi omi ṣan ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, ti àárín ni kí ẹ gbà sínú ike, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí kan. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ó parí. Apakòkòrò kì í ṣe gúgúrú. Àwọn kan nínú wọn, ciprofloxacin fún àpẹẹrẹ, lè ṣe iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lọ́ṣẹ́ débi pé á já.

Ẹ ní ó máa ń dín kù díẹ̀ tí ẹ bá lò ó. Mo gbà yín gbọ́. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn lẹ̀ ń fi omi púpọ̀ lé e, omi yẹn gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́.

Torí ife méjì lójúmọ́ nínú ooru ọjà, ìyà lẹ fi ń jẹ ara yín! Ìtọ̀ á ki, á pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, á sì máa ta ògiri inú àpò. Àpò tó ti kanra tẹ́lẹ̀ á tún kanra sí i. Inú á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ìgbẹ́ tó le nínú ìfun á máa ti àpò ìtọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ máa mu ọ̀rá omi mẹ́ta lójúmọ́, ti 50cl: lítà kan àtààbọ̀ nìyẹn, ọbẹ̀ àti ohun mímu mìíràn á sì fi díẹ̀ lé e. Ẹ má gbé ọ̀rá kan sórí kí ẹ gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa yọ́ ọ mu láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dáwọ́ dúró ní bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó sùn.

Ẹ ò sọ ohun mìíràn tí ẹ ń mu, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Tíì gbígbóná láàárọ̀, kóòkì tútù lọ́sàn-án, obì lẹ́nu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kaféènì ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ń lé oorun lọ, òun náà ló sì ń gún àpò ìtọ̀ ní kẹ́ṣẹ́. (Àwọn tó pilẹ̀ Coca-Cola ní Atlanta lọ́dún 1886 kò kúkú fi ìdajì orúkọ rẹ̀ pamọ́: obì ni wọ́n ń wí.) Mi ò ní kí ẹ jáwọ́ lójijì, orí á fọ́ yín. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ohun tí ìwé yín máa sọ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ yé mu ún ná. Ọtí fúnra rẹ̀ máa ń mú kí kíndìnrín da omi nù.

Iyọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kì í kà á sí ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dún 2017, àwọn dókítà kan láti Nagasaki ní ilẹ̀ Japan jábọ̀ lórí àwọn èèyàn tó ń dìde tọ̀ lóru tí wọ́n sì ń jẹ iyọ̀ púpọ̀. Àwọn tó rí iyọ̀ wọn dín kù láti 10.7 gíráàmù lójúmọ́ sí 8.0, dídìde wọn lóru lọ sílẹ̀ láti 2.3 sí 1.4. Àwọn tí iyọ̀ tiwọn lọ sókè, tiwọn burú sí i. Kúùbù magí mẹ́ta nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan, pẹ̀lú iyọ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ mú páálí rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ Moduretic tàbí oògùn mìíràn tí hydrochlorothiazide wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti mú èèyàn tọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Mo ti rí ẹni tó ń lò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ fún ọdún mẹ́rin, tó wá ń bi mí pé kí ló dé tóun kì í sùn. Bó bá sì jẹ́ amlodipine ni, ìyẹn lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Omi tó kó jọ sí ẹsẹ̀ yín bí ẹ ṣe jókòó sí ìsọ̀ látàárọ̀, bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sì gbé e jáde. Ẹ fi ìka tẹ iwájú ojúgun yín nírọ̀lẹ́, ẹ wò ó bóyá ojú ìka kù síbẹ̀. Bó bá kù, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí fún wákàtí kan kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi han dókítà yín, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra yín. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí wọ́n bá sì ń sọ pé ẹ máa ń han-an-run tí èémí á fi séra díẹ̀ lójú oorun, ẹ mẹ́nu bà á fún wọn. Ìyẹn náà ń mú ìtọ̀ òru pọ̀.

Ó kan bí a ó ṣe kọ́ àkẹ́bàjẹ́ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Bí ẹ bá ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá láti ìdájí dé alẹ́, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi sí wákàtí kan gééré: bó gbọ̀n yín, bí kò gbọ̀n yín, aago ni kí ẹ máa wò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 lé e. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, yóò ti di wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45. Oṣù méjì tí ẹ dá gan-an nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kọjá síwájú, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Lóru, ẹ má fi ṣe ìdánwò. Bó bá jí yín, ẹ lọ.

Kí lẹ máa ṣe tó bá gbọ̀n yín kí aago tó pé? Ẹ má sáré. Ẹni tó bá ń sáré lọ sílé ìtọ̀ ń gbọn àpò náà jìgìjìgì, ó sì ń sọ fún un pé ó jàre. Ẹ dúró sójú kan, tàbí kí ẹ jókòó sí etí àga tó le. Ẹ fún iṣan abẹ́ yín pọ̀, ẹ tú u, ẹ fún un, ẹ tú u, kíákíá, bí ìgbà márùn-ún. Ẹ máa ka owó aṣọ tí wọ́n jẹ yín lọ́kàn, ẹni báyìí, èló, ẹni báyìí, èló. Bí ìgbì omi ni: á gòkè, ẹ á rò pé ó ti tán, á sì bọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn kó tó tó ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó bá bọ́ sílẹ̀ tán ni kí ẹ wá rọra rìn lọ, tàbí kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ ti fara dà á bọ̀ láti ọjà, bí ẹ bá ti wá fi kọ́kọ́rọ́ kan ihò ilẹ̀kùn báyìí, ó di gìrì! Inú yín ló ti mọ̀ pé ilé ìtọ̀ ti sún mọ́lé. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró níta, ẹ fún iṣan yẹn, kí ẹ jẹ́ kó kọjá kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Iṣan wo ni mo ń wí? Ẹ ṣe bí ẹni tí isó fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń dì í mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó fún, tó gbéra lọ sókè nínú yẹn, òun ni. Ikùn kò gbọdọ̀ bá a le, ìdí àti itan kò gbọdọ̀ bá a fún, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa mí. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ló sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri lọ́dún 1948, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Ẹ fún un, kí ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tú u, kí ẹ sinmi tó bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bó bá ṣe ń lágbára, ẹ máa kà á dé ẹẹ́wàá. Ẹ lè ṣe é níbi tí oníbàárà ti ń yọwó aṣọ, kò ní mọ̀. Oṣù mẹ́ta ni kó tó fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe sọ dídá ìtọ̀ dúró lágbedeméjì di àṣà, ìyẹn ń da àpò rú. Bí ìtọ̀ bá ń ta sí yín lára nígbà tí ẹ bá sín tàbí wúkọ́, iṣan yìí kan náà ló dẹ̀, ìdárayá yìí kan náà la ó fi mú un le.

Ohun kan tún wà nípa ilé ìtọ̀ ọjà. Mo mọ bó ṣe ń rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó síbẹ̀, gbogbo wa la máa ń bẹ̀rẹ̀ gbàdú sórí rẹ̀, ìdí kò kan àga, orúnkún kò kúnlẹ̀. Bí èèyàn bá lóṣòó pátápátá, ó dára. Bó bá jókòó, ó dára. Àárín méjèèjì ni kò dára, torí iṣan abẹ́ kì í tú tán, ìtọ̀ á ṣẹ́ kù sínú, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún gbọ̀n yín. Ẹ mú tíṣù àti omi lọ, ẹ nù ún, kí ẹ jókòó. Bí ẹ bá tọ̀ tán, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ tún tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ orí yín náà ní tirẹ̀ láti sọ. Bí nǹkan oṣù bá ti ń ṣe ségesège, ojú ara àti ojú ọ̀nà ìtọ̀ máa ń gbẹ, wọ́n á sì máa tètè kanra. Oògùn ìpara kan wà tí dókítà àwọn obìnrin lè kọ fún yín tí wọ́n ń fi sí ojú ara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ikùn yín pẹ̀lú, bóyá ìju wà nínú ilé ọmọ tó ń tẹ àpò mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìtọ̀ ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán. Tí a bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta tí àpò náà kò gbọ́ràn, oògùn wà tó ń mú un rọlẹ̀. Oxybutynin jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ẹnu, ó ń mú ìgbẹ́ le, ó sì lè da ọkàn àgbàlagbà rú. Mirabegron ni èkejì, òun sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ẹ̀yin sì ti ń tọ́jú ìyẹn lọ́wọ́. Dókítà ló máa yàn, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Mo fẹ́ ya bá bàbá ìyàwó díẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun náà máa ka èyí. Bó bá jẹ́ pé bàbá ló ń dìde lóru, tí ìtọ̀ ń ro tótó, tó ń dúró kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ìyá yìí kọ́ ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yà ara kan tí kò ju kókó igi kékeré lọ ló yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, pọ́rósítéètì ni wọ́n ń pè é. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń tóbi, ó sì ń fún ọ̀nà náà pa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin dúdú ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Kó sì ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn tó ń fúnra rẹ̀ rà: àwọn kan lè dá ìtọ̀ rẹ̀ dúró pátápátá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ dúró de ike ìwọn fún. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, bó ṣe wù kó kéré tó, kódà bí kò dùn yín. Ibà pẹ̀lú ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín kó má jáde. Kí ẹsẹ̀ kú tìpìrì tàbí kí ẹ má mọ̀ ọ́n lára mọ́ láàárín itan. Kí òǹgbẹ máa gbẹ yín bí iná kí ara sì máa jò. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà ni. Àwọn òǹkàwé mi tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Odò Ọ̀yán lọ́nà Abẹ́òkúta, bí ọmọ yín bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà.

Ó wá ku ọ̀nà Èkó. Lọ́jọ́ náà, ẹ mu omi yín bó ṣe yẹ láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe pé kí ẹ fi òǹgbẹ pa ara yín. Ẹ fi tíì àti obì sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Ẹ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìrìn àjò jíjìn nìyí, ìyẹn ní ìdí, kò rí bíi ti ilé sí ọjà. Ẹ sọ fún awakọ̀ láti Ìbàdàn pé ẹ ó dúró ní ilé epo kan lẹ́yìn Ṣágámù, kí ọkàn yín ti mọ̀ pé ibi kan wà. Ìbẹ̀rù pé kò síbi tí èèyàn máa tọ̀ sí ló ń mú ìtọ̀ gbọ̀n ju ìtọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọkàn yín ò bá sì balẹ̀ sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kó kúlà àti aṣọ ẹbí sínú mọ́tò, kí ẹ̀yin wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà. Láti ọdún 2021 ló ti ń ná Èkó, ilé ìtọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Bí òǹkà rẹ̀ bá rí bí ti ìyá aláta, ẹ máa bá aago lọ. Bó bá ju lítà mẹ́ta lọ, ẹ dá aago dúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọrí sí.